Ouidah láàárọ̀, Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án: bí bọ́ọ̀sì kan ṣe lè rin etíkun Benin lọ́jọ́ kan

Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò ẹlẹ́gbẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè Benin sábà máa ń fi ìyà jẹ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olú-ìlú rẹ̀. Wọn á lo gbogbo òwúrọ̀ ní Kútọnu, wọn á jẹun ọ̀sán ní Ouidah. Nígbà tí wọ́n bá fi máa wọ olú-ìlú, ilẹ̀ ti ń ṣú, èrò á kàn yọjú wo mọ́sálásí àtijọ́ láti ojú fèrèsé. Ìlú yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá to ọjọ́ náà dáadáa, yóò gba òkun, yóò sì gba Àjàṣẹ́.

Ẹ sùn sí Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá ní òun á ti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹnubodè ló máa lo ọjọ́ náà sí. Èrò bọ́ọ̀sì kan lè tó ọgbọ̀n, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà, ṣùgbọ́n ẹnì kan tí kò mú yẹ́lò káàdì, ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, lọ́wọ́ tó láti dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹ ṣẹ́ owó sí sẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó jẹ́ bébà 500, 1,000 àti 2,000. Bí èrò ọgbọ̀n bá na 10,000 síwájú ẹni tó ń gba owó ìwọlé, ṣéńjì á tán lọ́wọ́ rẹ̀ kíá.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Ìwọ̀-oòrùn ni ọkọ̀ ń dojú kọ láti Kútọnu lọ sí Ouidah, nítorí náà apá òsì, lẹ́yìn awakọ̀, ni òkun máa wà. Apá ọ̀tún ló ń wo ọ̀sà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni oòrùn òwúrọ̀ ti ń bọ̀, kò ní gún yín lójú, fọ́tò á sì mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án tí ẹ bá ń lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ̀yìn náà ni yóò ti máa tàn. Ẹ má fi àgbàlagbà sórí àga pípadé tó wà láàárín, torí gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni wọ́n á ti dìde kí àwọn ará ẹ̀yìn tó rí ọ̀nà sọ̀. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀, iwájú ni kó jókòó. Ẹ̀yìn táyà ni bọ́ọ̀sì ti máa ń jù jù.

Bí aago 7 bá lù, kí táyà máa yí. Ọ̀nà etíkun tó gba Fidjrossè, tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ni kí ẹ tọ̀, kì í ṣe títì ńlá tó gba inú ilẹ̀. Ó tó nǹkan bíi 40 kìlómítà. Ẹ kọ́kọ́ bi awakọ̀ tó gba ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn bí ọ̀nà ṣe rí, torí níbi tí iyanrìn bá ti wà, bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò lè rì lẹ́yìn òjò. Lójú ọ̀nà yìí, ẹ ó rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi ti gbé e jù sínú ìbú, okùn kan wà lọ́wọ́ àwọn tó dúró lọ́tùn-ún, ìkejì lọ́wọ́ àwọn tó wà lósì. Orin ni wọ́n fi ń fà á, ẹsẹ̀ á máa rì wọ iyanrìn. Ẹni tó bá kángun sẹ́yìn á jọ̀wọ́ okùn, á sáré padà lọ dì í mú létí omi, ẹgbẹ́ méjèèjì á sì máa súnmọ́ ara wọn bí àwọ̀n ṣe ń bọ̀. Ẹ má dúró dè é tán, ó lè gba wákàtí mélòó kan; ìdajì wákàtí tó. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ nínú òkun yìí o: omi tó ń padà lábẹ́ ìgbì lágbára ju ẹni tó mọ ìwẹ̀ dáadáa lọ.

Ọ̀nà yìí á gbé yín dé ìdí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba òkun lọ, tí wọ́n kọ́ ní 1995 kí ẹ tó dé ìgboro Ouidah. Ẹ má sọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọjá lọ sígboro ná, kí ẹ wo ilé Erè, tẹ́ńpìlì àwọn ejò erè, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tọ ọ̀nà àwọn ẹrú sọ̀kalẹ̀ padà sí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe kó àwọn èèyàn wa lọ nìyẹn, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti òpin kò ní mọ ohun tí ẹnu-ọ̀nà yẹn ń sọ. Níbi Igi Ìgbàgbé, amọ̀nà á sọ fún yín pé ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ara wọn le fi ẹsẹ̀ rin apá tó kẹ́yìn, kí bọ́ọ̀sì máa gbé àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn. Odi àwọn Potogí wà ní Ouidah náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe ti ń lọ níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan; ẹ béèrè kí ẹ tó fi sínú ètò.

Kí aago 12 tó lù, ẹ ti kúrò ní Ouidah. Ní Kútọnu, ẹ jẹun, ẹ wo ère Amazon, obìnrin jagunjagun Dahomey tó ga ní mítà 30, tí wọ́n ṣí ní 2022, kí ẹ sì sọdá afárá kí aago 2 tó kọjá. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ ni ilé wọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn àti ọ̀kadà wọn ló máa kún ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń padà bọ̀ nígbà náà, apá tiyín á fúyẹ́.

Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú lábẹ́ òfin, ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ Gùn, ẹ ó gbọ́ Faransé, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ẹ lè fi béèrè ọ̀nà. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta. Títì àárín ìlú àtijọ́ tóóró, ẹ gbé bọ́ọ̀sì síta kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí ẹ bá dúró sọ́ọ̀kán rẹ̀, ilé-ìṣọ́ méjì àti ọnà ara ògiri rẹ̀ á mú yín búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ má lọ ní ọ̀sán Jímọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ààfin Honmè, níbi tí Ọba Tòfà jókòó sí láti 1874 títí di 1908.

Ẹnì kan á béèrè Ganvié, ìlú orí omi yẹn. Ẹ má fi kún ọjọ́ yìí rárá. Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, àlọ àti àbọ̀ nìkan á jẹ gbogbo àkókò tí ẹ fi pa mọ́ fún Àjàṣẹ́. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí da omi Nokoué rú.