Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Owó Ẹni Tó Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Jáde?

Lọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ilé búrẹ́dì tàbí iléeṣẹ́ kajú, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ lọ ni pé kó máa lọ ná, bí oṣù bá parí kó wá gbowó ẹ̀. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní gbogbo owó iṣẹ́ tó kù gbọ́dọ̀ jáde, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ tí nótíìsì, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìgbà téèyàn sọ pé òun ń lọ àti ọjọ́ tó máa lọ, bá pé.

Ọjọ́ tí nótíìsì bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wá dúró lé. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Tó bá ju oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ibí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù: wọ́n á kàn fẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta ló fẹ́ jẹ́rìí ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀? Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n kọ déètì sí tiyín, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti akọ̀wé tó ti lo ọdún mẹ́ta, tó ń gba ₦78,000 fún ọjọ́ iṣẹ́ 26. ₦3,000 lójúmọ́ nìyẹn. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 14 nínú oṣù tó fẹ́ fi lọ, ₦42,000. Owó ìsinmi ọdọọdún tún wà ńbẹ̀, òun làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bó bá ti lò tó oṣù mẹ́fà látìgbà tí ìsinmi tó kẹ́yìn ti tọ́ sí i, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Ká ní oṣù mẹ́jọ ni: ₦18,000 lọ́nà 8, ẹ pín in sí 12, ₦12,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦54,000. Tó bá jẹ ọ̀gá lówó, ohun tí wọ́n lè yọ lóṣù kan ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Mánéjà, dókítà àtàwọn bíi tiwọn ò sí lábẹ́ òfin yìí. Ìwé àdéhùn wọn ni kí wọ́n wò. Gratuity, ìyẹn owó ìdúpẹ́ fún ọdún téèyàn fi ṣiṣẹ́, òfin yìí ò fi dandan lé e, àyàfi tó bá wà nínú àdéhùn.

Owó pẹ́ńṣọ̀n ò yẹ kó wà lápò ọ̀gá rárá. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8%, kí ọ̀gá dá 10%, kó sì dé ibi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí kò ríṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gbà tó 25% níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan ń yọ ọ́ lára owó oṣù, wọn ò sì fi ránṣẹ́, torí náà ẹ yẹ àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Ó rọrùn láti bèèrè nígbà tí ẹ ṣì ń wọlé síbi iṣẹ́.

Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, ẹ kọ̀wé béèrè, kí ẹ dá ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka Kóòtù Iṣẹ́ (National Industrial Court) wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó oṣù hàn ni kí ẹ kó dání.