Kí fáírọ́ọ̀sì kú tán, kí èèpo rẹ̀ má bàjẹ́

Fáírọ́ọ̀sì àrùn ẹnu àti ẹsẹ̀ màlúù, èyí tí wọ́n ń pa kí wọ́n lè fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ṣòro láti pa. Ohun tó ṣòro ni kí ó kú pátápátá, kí èèpo ara rẹ̀ sì wà bó ṣe wà, torí èèpo yẹn ni ara màlúù fi ń dá àrùn náà mọ̀. Bí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) bá wálẹ̀ dé 6.5, èèpo á tú ká, abẹ́rẹ́ náà á sì di omi lásán.

Kẹ́míkà fọ́málíìnì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ láti pa á. Ó máa ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá yá a máa fà, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù láàyè. Ní 1987, àwọn tó yẹ RNA fáírọ́ọ̀sì (ohun àjogúnbá inú rẹ̀) wò ní Yúróòpù rí i pé ọ̀pọ̀ èyí tó ń jà níbẹ̀ jọ irú tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́.

BEI (binary ethylenimine), kẹ́míkà mìíràn, ló gbapò fọ́málíìnì. RNA inú ló ń bá jà, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan èèpo. Láti ṣe BEI, wọ́n á tú 2-bromoethylamine hydrobromide 0.1 M sínú sodium hydroxide 0.175 M, wọ́n á gbé e sí 37°C fún nǹkan bíi wákàtí kan. pH á wálẹ̀ láti bíi 12.5 sí 8.5. Bí kò bá wálẹ̀, kò tíì di BEI. Wọ́n á bu BEI yìí sínú omi fáírọ́ọ̀sì, ìdá 1 sí 3 nínú 100, ní 26°C tàbí 37°C, kí ẹ̀rọ máa rò ó. (RNA àti DNA ti ènìyàn náà kò bọ́ lọ́wọ́ BEI o. Láìsí ìbọ̀wọ́ àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa èéfín jáde, ẹ má sún mọ́ ọn.)

Kí wọ́n tó bu BEI sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ ti sẹ́ omi náà dáadáa. Fáírọ́ọ̀sì tó dì mọ́ra, tàbí tó sá sábẹ́ èérún sẹ́ẹ̀lì, BEI kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó léwu jù ni ìdérí táǹkì. Ẹ̀kán kan tó ta síbẹ̀ kò pàdé BEI rárá. Bó bá já bọ́ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da gbogbo rẹ̀ sínú táǹkì kejì tó mọ́, kí ó parí síbẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Òfin ni pé kí ó má tó ẹyọ kan tó wà láàyè nínú lítà 10,000. Kò sí àyẹ̀wò tó lè yẹ lítà 10,000 wò, ìṣirò ni wọ́n ń gbára lé. Ká ní mílíọ̀nù 10 ló wà nínú mililítà kan, tó sì ń dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: wákàtí 14 ló máa gbà kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n máa ń bu díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á sì fa ìlà log rẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn bí iye tó wà láàyè ṣe ń dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí apá ìparí ìlà náà bá tẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ dà á nù.

Gbogbo èyí tí wọ́n bá bù gbọ́dọ̀ gba sodium thiosulphate lójú ẹsẹ̀, kí BEI dẹ́kun iṣẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, BEI á máa pa á lọ nínú ìgò àyẹ̀wò, èsì á sì dára ju ohun tó wà nínú táǹkì lọ. Níparí iṣẹ́, ìdá 2 nínú 100 thiosulphate yìí ni wọ́n ń fi sínú táǹkì fúnra rẹ̀.