Eré Jẹ́jẹ́ ní Alágbáká

Akúrẹ́, àárọ̀ Sátidé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré òní títí dé òpin rẹ̀ ni mo ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni o, kì í ṣe "ẹn-ẹn" lásán. Mo ń ròyìn oníbàárà kan tó gbé áńkárá wá, tó ní ká bá òun yára rán an, tí kò sì tíì padà wá gbà á di òní. Mo ròyìn náà délẹ̀, ẹsẹ̀ wa sì ń lọ lórí ọ̀dà. Ẹni tó bá ti kọjá ogójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá nìkan ló lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Aránṣọ ni mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sanra díẹ̀díẹ̀ títí mo fi wọ̀n tó 90 kílò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, ó sì ṣàlàyé ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ fún àgbàlagbà: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó mọ níwọ̀n, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún èyí tó le, bí eré sísá. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òkè Ìdànrè ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwa mọ̀lẹ́bí gùn ún nígbà Àjíǹde. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Àwọn ọmọ ti dé ìlú àtijọ́ lókè, wọ́n ti ń wo ààfin, èmi ṣì jókòó níbi ìsinmi, mo di àyà mú. Mi ò fẹ́ kí ibi tó sún mọ́ Akúrẹ́ tó báyìí jẹ́ ibi tí màá kàn máa wò láti ìsàlẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó ń kàwé ní yunifásítì FUTA, ló bá mi wá ètò eré sísá tí à ń tẹ̀ lé. Josh Clark, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ló sì ṣe é fún. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wàá kọ́kọ́ rìn kí ara lè yá, lẹ́yìn náà wàá sáré fún ìṣẹ́jú kan, wàá rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa pààrọ̀ wọn títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni eré á máa gùn sí i, títí èèyàn á fi lè sá ìṣẹ́jú 30 láìrìn. A ti tún àwọn ọ̀sẹ̀ kan ṣe nígbà tí ara mi béèrè fún un, a ò sì kánjú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin la parí lónìí, èyí tí eré rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ ìṣẹ́jú 5.

Lójú tèmi, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí à ń kà ló ṣe pàtàkì jù. Bí eré náà ṣe rọra tó ni. Nílé ìwé, eré ìdíje nìkan la mọ̀: fèrè dún, o fò jáde, o fi gbogbo agbára sá, o dùbúlẹ̀ sórí koríko. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbàlagbà kì í sáré àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé èèyàn lè sáré kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yá ju ẹni tó ń rìn kánmọ́ lọ, kó sì ṣe ara lóore. Òfin kan ṣoṣo tí ọmọ náà fún mi ni pé, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, ẹ dín in kù." Tí eré bá le jù, atẹ́gùn tí à ń mí sínú kì í tó èyí tí iṣan ń béèrè, kíá ló sì ń rẹ èèyàn. Nínú eré jẹ́jẹ́, ara ń rí àyè jó ọ̀rá, ọkàn sì ń kọ́ bó ṣe máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kan. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ì bá wù mí kí wọ́n ti sọ ọ́ fún ìyá mi náà.

Ìyá kan tó ń din àkàrà ní kùtùkùtù ti bi mí rí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí o? A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún." Mo ní àlàáfíà ara ni mò ń wá. Ní báyìí, tó bá ti rí wa lókèèrè, á ti máa kí wa, "Ẹ kú eré o! Kò ní í rẹ̀ yín o!" Àwọn ọlọ́kadà máa ń rọra sún mọ́ wa: "Màmá, níbo ni? Ẹ gùn ún." Wọ́n rò pé mo ti pẹ́ síbì kan, àánú mi ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ní kò yẹ kí àgbàlagbà obìnrin máa sáré lójú títì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Apá òsì títì là ń gbà. Láti 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá gba òsì á máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ti là la ń jáde. Àsìkò òjò la wà yìí, omi kún inú atẹ́gùn, òógùn kì í tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbígbẹ òógùn ló ń mú ara tutù. Nítorí ẹ̀ ni eré kan náà ṣe máa ń wúwo lọ́jọ́ kan ju ọjọ́ kejì lọ.

Bàtà mi, òkìríkà ni. Mo wò ó dáadáa kí n tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ìwọ̀n àtàǹpàkò kan kù níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kó má ká láàárín. Ṣòkòtò mi, èmi ni mo rán an. Aṣọ tó ń fà ni mo lò, mo fi rọ́bà fífẹ̀ sí ìbàdí, mo sì fi ègé aṣọ kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kí ojú rírán má bàa wà níbi tí itan ti ń gbo ara wọn. Ẹni tó bá sanra mọ ohun tí mò ń sọ, egbò ibẹ̀ lè lé èèyàn sá nídìí eré pátápátá. Kọ́mú tó di ọmú mú dáadáa náà ṣe pàtàkì, bóyá ju bàtà lọ.

Ojúgun dùn mí níjelòó. A dín eré kù, mo sinmi, ó sì lọ. Èémí máa ń tètè mọ eré lára, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so mọ́ ọn ń fẹ́ àsìkò gígùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí ọjọ́ ìsinmi fi wà láàárín nìyẹn. Tó bá jẹ́ ojú kan ló ń dunni ṣáá, tí ìsinmi kò sì mú un lọ, kí èèyàn lọ rí dókítà.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi tẹ́tí sí. Eré kìlómítà kan ń jó nǹkan bíi kálórì kan, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Ẹni 90 kílò tó bá sá kìlómítà 3 á jó nǹkan bíi 270. Iṣu sísè 230 gíráàmù ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ìyẹn kò sì tó iyán tí à ń gbé síwájú àlejò nílé wa. Kílò ọ̀rá ara kan sì tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Eré nìkan kò lè ṣe é. Mi ò ní í pa iyán tì, ọmọ Akúrẹ́ ni mí. Mo ti gbé e kúrò ní alẹ́ wá sí ọ̀sán, mo dín in kù, mo sì fi tẹ̀tẹ̀, ewúro àti ẹ̀bọ̀lọ̀ kún ọbẹ̀. Lálẹ́, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín. Omi ni mo fi rọ́pò ohun mímu dídùn tí mo máa ń mu nídìí ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n ṣì ń lọ́ra, ṣùgbọ́n téèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn mi ti ń sọ pé ìbàdí dín kù, oorun sì ń kùn mí lálẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹta, a ó máa rìn láàárín wọn. Lọ́jọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sátidé, ìṣẹ́jú 20 láìrìn rárá. Àyà mi ń já díẹ̀. Ọmọ náà ní tí kò bá ṣe é ṣe, a ó tún un sá lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí mi ò fẹ́ fi àìsùn lọ bá ìṣẹ́jú 20 yẹn. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n tètè dé lọ́jọ́ Ajé.