Bí Ẹ Bá Dé Halifax, Ẹ Ya Africville

Nítorí ọkọ̀ Titanic ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń lọ sí Halifax, ní ìlà oòrùn Kánádà. Nígbà tí ọkọ̀ náà rì ní 1912, ìlú yìí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ òkú tí wọ́n rí fà yọ nínú òkun wá, 121 nínú wọn sì wà ní itẹ́ òkú Fairview Lawn títí dòní. Èmi náà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè ibì kan ṣoṣo ni ẹ bá ní, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, Africville, ibi tí abúlé àwọn èèyàn dúdú wà tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Halifax ni mo lọ kí. Maritime Museum of the Atlantic, létí omi, ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Ìdí àga orí ọkọ̀ Titanic ni èrò pọ̀ sí, àmọ́ aago àpò Vince Coleman ló dá mi dúró. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1917, ọkọ̀ Mont-Blanc ti ilẹ̀ Faransé, tí ohun abúgbàù kún inú rẹ̀ bámú, àti Imo ti Norway forí sọ ara wọn ní èbúté Halifax. Iná sọ. Coleman, òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbọ́ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ì bá sá lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kan ń kó èrò bọ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ wáyà, ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin náà dúró, ó sì dágbére fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ni ìbúgbàù ọ̀hún pa, òun náà sì bá a lọ.

Wọ́n kọ́ ilé tuntun fún àwọn tí ilé wọn wó. Wọn ò kọ́ ọ̀kan ní Africville, bẹ́ẹ̀ ìjàǹbá náà kàn wọ́n.

Abúlé àwọn èèyàn dúdú ni Africville, létí omi Bedford Basin. 1849 ni wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀. Wọ́n ń san owó orí, síbẹ̀ ìlú ò fà omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí ìlú gbé wá bá wọn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn àwọn alárùn tó ń ràn, àti ààtàn ní àwọn ọdún 1950. Nínú mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀ báyìí, mo tẹjú mọ́ fọ́tò kànga kan: wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé kí èèyàn jọ̀ọ́ se omi náà kó tó mu ún, kó tó fi dáná. Inú ìlú Kánádà nìyẹn o! Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba ìlú ní kí wọ́n kó kúrò. Ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀, $500 ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Òru ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní 1967.

“Àbúrò mi, wá wo nǹkan,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ọkọ̀ akólẹ̀ ni wọ́n fi kó ẹrù wọn!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrù ọmọ èèyàn?”

Ní 2010, olórí ìlú tọrọ àforíjì. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní 2011, òun ló di mùsíọ́mù.

Ohun tó kan àwa gan-an ti wà ṣáájú Africville. Lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn èèyàn dúdú tó dúró tì wọ́n wá sí Nova Scotia, ìpínlẹ̀ tí Halifax wà, wọ́n ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ò rí ilẹ̀ gbà, èyí tí àwọn mìíràn rí gbà ò ṣe é dáko. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú wọn wọ ọkọ̀ 15 ní èbúté Halifax, wọ́n sì lọ tẹ Freetown dó ní Sierra Leone. Freetown yìí náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá ń sọ àwọn ará wa tó gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí ọmọ Òṣogùn dé ní 1822, ibẹ̀ ló ti mọ̀wé, kó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ibẹ̀ ni àwọn Sàró ti padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Mi ò lè wo omi èbúté yẹn bí omi ìlú àjèjì mọ́.

Ẹ gun Citadel, odi ológun orí òkè, kí ọ̀sán tó pọ́n; aago méjìlá géérégé ni wọ́n ń yin àgbá. Àwọn Maroon láti Jàmáíkà, ìyẹn àwọn èèyàn dúdú tó sá kúrò lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, ṣiṣẹ́ lórí odi tó wà níbẹ̀ ní 1796. Ní 1800, àwọn náà gba Freetown lọ.

Pier 21, èbúté àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù báyìí, gba àkókò. Láàárín 1928 sí 1971, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn gba ibẹ̀ wọ Kánádà. Àwọn aṣọ́bodè a máa gba sọ́séèjì àti oúnjẹ mìíràn tí wọ́n dì wá láti ilé, bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀gúsí àti ẹran gbígbẹ wò nínú báàgì wa ní pápákọ̀ òfurufú.

Africville jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, bọ́ọ̀sì tàbí takisí ni ẹ máa wọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní oṣù Keje: lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ abúlé náà àti àwọn ọmọ wọn ń padà wá pàgọ́ sórí ilẹ̀ bàbá wọn, tí wọ́n á jọ jẹ, tí wọ́n á jọ mu, tí wọ́n á sì jọ́sìn.