Bí ìwé kò bá wù yín kà, ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún ná

Ìwé wà lórí tábìlì, JAMB ń sún mọ́lé, ọwọ́ kò sì fẹ́ ṣí i. Ọmọ tó bá wà ní ipò yìí, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé "màá ka Kẹ́mísírì lónìí," ọ̀rọ̀ náà kò sì lórí, kò nídìí. Ibo gan-an lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ Kẹ́mísírì? Iṣẹ́ tí a kò bá rí ẹnu rẹ̀, ọkàn a máa sá fún un.

Ẹ wo bí UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ṣe rí. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Use of English, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ìbéèrè márùn-ún kò wá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò sẹ́ni tí ìwé sú débi pé kò ní lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ má ṣí orí kìíní ìwé. Ẹ mú ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, ẹ yan àkòrí kan ṣoṣo, ká ní ìṣirò mole (òṣùwọ̀n iye èròjà nínú Kẹ́mísírì), kí ẹ dáhùn ìbéèrè 5 láìyọjú wo ẹ̀yìn ìwé. Ẹ kọ ìṣirò náà sílẹ̀ ní kíkún, torí lẹ́tà A tàbí C lásán kò lè fi ibi tí ẹ ti ṣìnà hàn yín. Ká ní wọ́n béèrè iye mole tó wà nínú gíráàmù 8 NaOH (èròjà Kẹ́mísírì kan), tí gíráàmù 40 jẹ́ mole kan, tí ẹ sì kọ 5. Ẹ fi 8 pín 40 nìyẹn. 40 ló yẹ kí ẹ fi pín 8, kó fún yín ní 0.2. Ẹ ti wá mọ ohun tí ẹ fẹ́ kà báyìí: ìdajì ojú ewé tó ṣàlàyé ìpín yẹn, kì í ṣe odindi orí ìwé. Èyí tí ẹ gbà, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Kíka ìwé kan náà lákàtúnkà máa ń tan èèyàn jẹ. Ojú á ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ti àkókò, mi ò gbà pé "aago mẹ́rin" jẹ́ ètò tó dára nílé wa. Aago mẹ́rin lè bá òkùnkùn, ó lè bá àlejò, wọ́n sì lè rán yín níṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, iná ì báà wà, ì báà má wà, ni kí ẹ so ìwé mọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà lálẹ́: "Bí mo bá ti fọ abọ́ àárọ̀ tán, màá jókòó, màá ṣe ìbéèrè 5 lórí mole." Onímọ̀ ọmọ Jámánì kan, Peter Gollwitzer, ti kọ̀wé nípa irú ètò "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún" yìí. Abọ́ tí ẹ fọ̀ tán ló ń pè yín, ẹ kò ní máa bá ara yín jiyàn mọ́. Kí ẹ tó sùn, ẹ ti ṣí ìwé sí ojú ewé náà, kí bírò wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì ti ṣájì àtùpà yín.

Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ nípa ìṣẹ́jú 25 tí Francesco Cirillo, ọmọ Ítálì, fi aago ilé ìdáná tó dà bíi tòmátò dá sílẹ̀: iṣẹ́ fún 25, ìsinmi fún 5. Ó dára, àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkàn bá wúwo, 25 ti pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10. Aago ara ògiri ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe fóònù. Fóònù tí ẹ gbé láti wo aago ló máa fi WhatsApp hàn yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ sì tó láti gba gbogbo àárọ̀. Inú yàrá mìíràn ni kó wà. Nígbà ìsinmi, ẹ dìde, ẹ mu omi.

Ẹ ṣọ́ra fún táìmùtébù tí wọ́n fi bírò aláwọ̀ mẹ́rin yà. Ó máa ń dà bí iṣẹ́, àmọ́ kò sí ìbéèrè kankan tó dáhùn. Bí ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má sọ ọ́ di gbèsè. Ìbéèrè 5 ni tọ̀la ṣì jẹ́, kì í ṣe 10. Gbèsè ìwé ló ń lé ọ̀pọ̀ kúrò nídìí ìwé pátápátá.

Tó bá jẹ́ pé oorun kò kún ojú ni, ẹ lọ sùn. Tó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín ti bàjẹ́, tí oúnjẹ àti oorun kò lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìwé. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ rí dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ má dúró síbi tí àkòrí ti parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kẹfà, ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ ìṣirò rẹ̀, kí ẹ fi bírò sórí rẹ̀. Ìlà kejì ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.