Ìbéèrè Tí Mo Pa Mọ́ Ọmọ Lẹ́nu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísímù, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Àgùdà, ní Àkúrẹ́ níbí, ọdún 25 pé lóṣù tó kọjá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní kí n kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí mo rí kọ́ sílẹ̀ fún yín. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ máa dé kíláàsì ṣáájú àwọn ọmọ. Èkejì ni pé kí ẹ mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ilé tí ó ti ń wá. Ẹ̀kẹta, pé kí ẹ má ṣe pa ìbéèrè mọ́ ọmọ lẹ́nu, ni mo fẹ́ dúró lé lórí lónìí, nítorí pé ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún ọmọbìnrin kan pé, "Àdììtú ni, má bèèrè mọ́." Àyà mi já, torí pé ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 2004, ọmọkùnrin kan wà lára àwọn tí mo ń múra sílẹ̀ de kọnfamáṣọ̀n, ìyẹn ìfìdímúlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́. Kò sí ìdáhùn kan nínú ìwé katikísímù wa tí kò mọ̀ lórí. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí ní ìdí tí Bíbélì àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà fi ní ìwé 73, tí ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní 66. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò kan ọmọdé, kí ó ṣáà gbàgbọ́. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Àkọ́sórí ni wọ́n fi kọ́ àwa náà, ẹni tó bá bèèrè ìdí a jẹgba, inú sì ń bí mi sí àwọn tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọmọ náà wọ yunifásítì. Ẹgbẹ́ àdúrà kan níbẹ̀ fún un ní èsì tí èmi kò fún un: wọ́n ní Ìjọ wa ló fi ìwé méje kún Bíbélì. Ní ọdún 2011, bàbá rẹ̀ kú, ẹni tí ó ti wà nínú akọrin ìjọ wa láti ìgbà èwe. Nígbà tí ẹbí pàdé ní ilé wọn nítòsí ọ̀nà Oyèmẹ́kùn, ọmọ yìí, tí í ṣe àkọ́bí, dìde, ó ní kò sí ibi tí Bíbélì ti ní kí a gbàdúrà fún òkú, nítorí náà a kò ní ṣe Mísà fún bàbá òun. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un." Gbogbo ilé dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé àwọn bàbá wa náà ló bọ Ògún. Wọ́n sin bàbá náà láìsí Mísà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó ṣí ìwé tó ti ń gba eruku lórí pẹpẹ mi. Àdúrà fún òkú wà nínú Ìwé Kejì àwọn Mákábì, ọ̀kan lára ìwé méje yẹn, ní orí 12: Júdásì Mákábì gba owó jọ, ó fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó kú. Katikísímù tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1992 tọ́ka sí i ní ìpínrọ̀ 1032. Ní ti àwọn ìwé méje náà, ìgbìmọ̀ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, ti kà wọ́n mọ́ Ìwé Mímọ́ ní ọdún 397, èyí tó fi ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ṣáájú ìpàdé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Trent ti ọdún 1546 tí wọ́n ń sọ pé ó fi wọ́n kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ì bá ti tó láti sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà ní ọdún 2004.

Pétérù Mímọ́ ní kí a múra tán nígbà gbogbo láti fèsì fún ẹni tó bá bi wá ní ìdí ìrètí tó wà nínú wa. Bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ lọ ka ìwé, ẹ bi Fadá, kí ẹ sì mú èsì padà wá ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe fi orúkọ àdììtú bo àìkàwé yín. Àdììtú ni Mẹ́talọ́kan; iye ìwé tó wà nínú Bíbélì kì í ṣe àdììtú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdọọdún, tí Ìjọ ń rántí gbogbo àwọn olóògbé, opó náà a máa mú orúkọ ọkọ rẹ̀ wá fún Mísà. Èmi ni mo máa ń bá a kọ ọ́ sínú ìwé. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ ìpàdé ẹbí yẹn fún mi rí, ọmọ rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e wá rí.