Páálí Ọwọ́ Olóyè

Mo ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún ilé-ìwé girama méjì ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, nínú oòrùn oṣù kẹta tó ń yan sìmẹ́ńtì pápá bí àgbàdo. Ọ̀kan jẹ́ ti Kàbà, èkejì wá láti Mọ̀pà. Olóyè kan, ọmọ Kàbà pọ́ńbélé, ni àlejò pàtàkì, ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn tó ń kọ àmì ayò ni wọ́n sì gbé àga wọn sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Kí n là á fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìkan la máa ń ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín ẹni méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ méjì bá di bọ́ọ̀lù mú gbágbá, tí ẹnì kan ò lè já a gbà àfi tó bá fẹ́ jà, rẹfirí á fọn fèrè, á na àtàǹpàkò méjèèjì sókè, á wá wo ọfà orí tábìlì. Ọfà ló ń sọ ẹgbẹ́ tó máa ju bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n bá ti jù ú wọlé tán, wọ́n á yí ọfà padà, ìgbà mìíràn ti di ti ẹgbẹ́ kejì. (NBA ti Amẹ́ríkà ṣì ń ju tiwọn sókè láàárín àwọn tó ń fà á. Àwọn ló mọ̀.)

Páálí indomí la fi gé ọfà tiwa.

Mọ̀pà ló gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ọfà wá di ti Kàbà. Wọ́n lò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ tún di bọ́ọ̀lù mú, mo wo tábìlì: Kàbà! Kóòṣì Mọ̀pà figbe ta: “Ọ̀gá rẹfirí, ṣé Kàbà nìkan ni ìyá bí ni?”

Kí n tó dé ìdí tábìlì, ọfà ti kúrò níbẹ̀. Bàbá ló ń fi í fẹ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá wá kí wọn, wọ́n á gbé e sílẹ̀ bó ṣe wù ú kó kọjú, wọ́n á tún gbé e. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọ ti fẹ́ máa sunkún. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé, báwo ló ṣe fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ Olóyè?

Mo dọ̀bálẹ̀. “Okun o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, páálí yẹn la fi ń mọ ẹni tó kàn.” Mo ṣàlàyé.

Bàbá dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró. “Ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, dandan ni kó yọwọ́ fún ẹnì kejì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kò sí ìbò? Kò sí kóòtù?”

“Rárá, sà.”

“Wọn ò wá mú un dé Lọ́kọ́ja!”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lọ́kọ́ja ni gómìnà ìpínlẹ̀ wa ń jókòó sí. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀, ọmọ Okun kan, ìyẹn àwa Yorùbá Kogi, ò tíì wọlé ìbò gómìnà. Ẹni tiwa tó débẹ̀ ní 2008, adelé ni.

Wọ́n wá abẹ̀bẹ̀ gidi fún Bàbá, ọmọbìnrin náà sì fọwọ́ lé páálí rẹ̀. Ó yípo lọ, ó yípo bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, Kàbà fi àmì kan ṣíwájú, ni àwọn ọmọ méjì bá tún dì mọ́ bọ́ọ̀lù. Kí n tó gbójú wo tábìlì, Bàbá ti fò dìde: “Mọ̀pà ló kàn!”

Òótọ́ ni. Mọ̀pà jù ú wọlé, wọ́n sọ ọ́ sí agbọ̀n, eré parí. Ni àwọn ará Kàbà bá ya bo Bàbá: ti ta ni wọ́n ń ṣe gan-an?

“Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́,” ni Bàbá wí, bí wọ́n ṣe ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga. “Bí a bá dì í mú níbí, ẹnu wo la fẹ́ fi bá àwọn ará ọ̀hún sọ̀rọ̀?”